Àrọ̀ Onírùngbọ̀n

Nílé ìwòsàn ìjọba l'Ẹ́pẹ́, Dókítà Ṣótúndé
yí ojú ẹ̀rọ sí mi kí èmi náà lè rí i.
"Ilé ẹyin rẹ nìyí. Wo àwọn dúdú roboto yìí."
Mo wò ó. Wọ́n tò yí etí rẹ̀ ká
bí ìlẹ̀kẹ̀ tí ẹnì kan sín tí kò so.
"Ẹyin tó gbéra ni, tí kò dé ibi tó ń lọ."

Oṣù mẹ́rin rèé tí n kò rí nǹkan oṣù mi.
Ìyá ọkọ mi ti ra aṣọ ọmọ pamọ́ lẹ́ẹ̀mejì,
ó ti kó o fún ẹlòmíì lẹ́ẹ̀mejì.

Mo ti ń retí pé yóò bi mí nípa oyún,
èyí tí mo ṣẹ́ àti èyí tí n kò ṣẹ́.
Kò bi mí.
"Ta ló ní ìtọ̀ ṣúgà nínú ẹbí yín?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Kí ló kan ṣúgà nínú ọ̀rọ̀ ọmọ?
Ṣùgbọ́n ẹnu mi ti ń ka orúkọ:
Àlàájà Mùnírátù, ìyá mi,
ọdún kọkànlá tó ti ń gún abẹ́rẹ́ sí ikùn ara rẹ̀;
Bọ̀dá Rùfáì, àbúrò rẹ̀,
tí ojú rẹ̀ ń kú díẹ̀díẹ̀ bí àtùpà tí epo tán nínú rẹ̀;
àti ìyá ìyá mi, l'Ókè-Balógun,
tí èèrà máa ń tẹ̀lé lọ sí ẹ̀yìnkùlé
tí gbogbo ilé fi ń ṣẹ̀fẹ̀ pé
adùn ń bẹ lára màmá yìí o.
Adùn.
Adùn ló gé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ní orúnkún.

Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀. "Irun àgbọ̀n ńkọ́?"
Mo fa ìbòrí mi bo ẹnu.
Réésà mi, abẹ́ àpótí ni mò ń tọ́jú rẹ̀ sí,
ọkọ mi ò rí i rí.
Àmọ́ mo rántí ìrọ̀lẹ́ kan, ọmọ ọdún méje ni mí,
mò ń fi ẹ̀mú kékeré fa irun àgbọ̀n ìyá mi,
ó ń sọ pé, "Rọra, Sídíkátù,
irun ìyá mi ni."

Dókítà ní ínsúlìn ń kan ilẹ̀kùn nínú ara wa,
àwọn tó wà nínú ilé ò tètè gbọ́,
ló bá ń kan án kíkankíkan.
Ariwo yẹn lè dá ẹyin dúró lójú ọ̀nà.
Bó bá sì rẹ ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn,
ṣúgà á jókòó sínú ẹ̀jẹ̀.
"A ò tíì mọ gbogbo rẹ̀ tán," ó ní,
"ṣùgbọ́n ó máa ń rìn nínú ìdílé.
Kì í sì í ṣe dandan kó débi tó dé lára tiwọn."

Bí ọmọ ò jọ ṣòkòtò, á jọ kíjìpá.
Imú ni mo máa ń rò pé wọ́n fi ń pa òwe yẹn.

Mo bá ìyá mi lórí àpótí ní ẹ̀yìnkùlé,
ó ń la àrọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé láti etí ọ̀sà.
Mo sọ fún un. Kò gbójú sókè.
Ó ki ìka bọ inú ẹja, ó fa ẹyin rẹ̀ jáde,
ó kún àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì.
Ó wá fi ọ̀bẹ tọ́ka sí ẹnu àrọ̀ náà,
sí irùngbọ̀n gígùn tó yí i ká.
"Ta ló máa sọ fún mi pé èyí kì í ṣe abo?"

Ó pẹ́ kó tó sọ èyí tó kù:
"Èmi ni mo fún ẹ."
"Ẹ ò mọ̀, Màámi."
"Ẹni tó fún mi náà ò mọ̀."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí omi tó kan ẹnu wa,
a gún ìka, ìka rẹ̀ ṣì ń rùn ẹja.
Tirẹ̀ ga. Tèmi wà lórí àtẹ̀gùn.
Ó wo tèmi títí,
ó ti bàtà sẹ́sẹ̀, ó ní, "Dìde, a ń rìn dé etí omi."
A rìn. Ó ń dúró mí, ó ń kí àwọn apẹja,
n kò fá àgbọ̀n mi kí n tó jáde.